Imú Áásù

Mo gbóòórùn gíá-ọ́ìlì lábẹ́ afárá rélùwéè ní Peckham lánàá, inú tún bí mi.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdébìnrin, Dádì dùbúlẹ̀ sábẹ́ píkọ́ọ̀pù wa níbẹ̀. Wọ́n tẹ imú áásù ẹ̀yìn, níbi tí pùròpẹ́là, irin gígùn tó ń yí táyà ẹ̀yìn, ti wọ̀ ọ́, wálẹ̀ díẹ̀. Wọ́n ní tí mọ́tò bá ki eré mọ́lẹ̀, imú náà á gbéra fúnra rẹ̀, á sì gún.

Ẹ̀gbọ́n wọn ti mọ́ṣáláṣí dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ wò ó. "Ó ti wọ́. Gbé e sókè kó gún."

"Ẹ ṣeun, bọ̀dá mi." Dádì gbé e sókè.

Mo rò pé ẹ̀gbọ́n mọṣẹ́ jù wọ́n lọ ni. Ìgbà tí èmi náà di mẹkáníìkì ni mo mọ̀ pé Dádì ló jàre, àti pé Dádì fúnra wọn mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Gbogbo wa gbé mọ́tò jáde. Ó gbọ̀n rìrì títí dé Nunhead, pùròpẹ́là já. Ẹ̀gbọ́n wọn pòṣé: "O ò mọṣẹ́ yìí rárá."

"Ẹ má bínú, bọ̀dá mi."

Ẹ má bínú, kẹ̀! Ta ló yẹ kó máa bẹ ta?