Tábà Tí Wọ́n Fi Dá Èébì Oyún Dúró

Kòfowórọlá, aránṣọ tó ti Ìkàrẹ́ wá sí Agbowó, kò fẹnu kan tábà rí kó tó lóyún. Èébì ló kó o sí i. Lọ́dún 1991 tó lóyún, omi lásán kì í dúró nínú rẹ̀. Ìyá Adéróunmú, ìyá ọkọ rẹ̀, ló fọwọ́ ara rẹ̀ bu aáṣáà, tábà lílọ̀ tóun náà ń lò, ó ní, "Ìyàwó, fi sábẹ́ ètè. Òun ni mo lò tí mo fi bí ọkọ rẹ."

Èébì dá lóòótọ́. Ṣùgbọ́n kó tó bímọ, ilẹ̀ kì í mọ́ kó má bu ú sẹ́nu.

Ó bí Ìṣọ́raolúwa, ọmọ bíńtín. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ náà ń sọ̀rọ̀, òun ń wo ẹnu wọn. Ó pé ọdún márùn-ún, kò lè pe orúkọ ara rẹ̀, kò sì lè jókòó lójú kan.

Dókítà obìnrin kan láti Bódìjà, oníbàárà Kòfowórọlá, ló bi í ní ohun tó lò nínú oyún. Nígbà tó gbọ́, ó mí kanlẹ̀.

"Oró tábà máa ń bá ẹ̀jẹ̀ ìyá dé ọpọlọ ọmọ inú, ó sì lè ṣe é léṣe. Mi ò lè búra pé òun ló ṣe tiyín o. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí aboyún kankan lò ó lójú yín mọ́."

Ta ni yóò bá wí? Ẹnu tirẹ̀ ló kúkú bu ú sí. Síbẹ̀, ó gbé ọ̀rọ̀ náà délé.

Ìyá Adéróunmú pàtẹ́wọ́. "Èmi kẹ̀? Ta ló rí mi? Lọ wádìí ìran tiyín!"

Adéróunmú ọkọ rẹ̀ ń jẹ ẹ̀bà rẹ̀ lọ, kò gbójú sókè.

Kò pẹ́ tí ọkọ náà fi fẹ́ Bọ́sẹ̀ ṣe ìyàwó kejì. Èébì Bọ́sẹ̀ náà dé, ìyá tún bu aáṣáà fún un. Kòfowórọlá gbá a dànù.

"Má fi sẹ́nu! Ṣé o ò rí ọmọ mi ni?"

Bọ́sẹ̀ figbe ta: ìyálé òun ò fẹ́ kí oyún òun dúró! Ọ̀rọ̀ yìí ló lé Kòfowórọlá àtọmọ rẹ̀ kúrò nílé, tó fi lọ gba ṣọ́ọ̀bù àti yàrá kan ní Challenge.

Bọ́sẹ̀ lo aáṣáà títí dọjọ́ ìrọbí. Ọmọ rẹ̀ sanra, ó tètè rìn, ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Nígbà tó pé ọdún méjì, ìyá ọkọ gbé e pọ̀n wá sí ṣọ́ọ̀bù Kòfowórọlá.

"Ẹ kúuṣẹ́ mà," lọmọ náà wí, ketekete.

"Ṣó o gbọ́?" ni ìyá náà wí. "Tábà yẹn náà ni o."

Kòfowórọlá fún ọmọ náà ní bisikíìtì.

Síbẹ̀, bí aboyún bá wá wọn aṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ń kìlọ̀ tábà fún un. Àwọn kan ń gbọ́. Àwọn mìíràn á wo Ìṣọ́raolúwa níbi tó ti ń sáré yí ẹ̀rọ ìránṣọ po, wọ́n á wo ìyá rẹ̀, wọ́n á sì gbé aṣọ wọn lọ bá aránṣọ òdìkejì títì.