Rọ́bà Àtijọ́ Lábẹ́ Máṣíìnì Ẹ̀gbọ́n

Mo mọ iṣẹ́ àtúnṣe máṣíìnì, alùpùpù tí à ń gùn. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí lè mú kí ẹlòmíì rò pé mi ò mọ̀ ọ́n. Ọdún mẹ́rin gbáko ni mo fi kọ́ ọ ní Muṣin kí n tó rí físà gbà. Kò sí máṣíìnì Japáànù kan nígbà náà tí mi ò lè tú palẹ̀, kí n sì tún tò ó kí ìrẹsì tó jinná.

Ní àárín àwọn ọdún 1990, yàrá kan ní Al Taawun, ní Sharjah, làwa mẹ́rin jọ háyà, oníkálukú pẹ̀lú bẹ́ẹ̀dì tiẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tí bẹ́ẹ̀dì wọn kọjú sí tèmi ló ní máṣíìnì. Òun ni wọ́n fi ń gbé ìwé ẹrù àwọn oníṣòwò wa kiri Deira ní Dubai. Lọ́sẹ̀ tí mò ń wí yìí, ìyàwó wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Èkó dé láti wá ra léèsì. Ó ti lé lọ́dún méjì tí wọ́n ti fojú kan ara wọn kẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n ti ra akoto kejì sílẹ̀. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, wọ́n fẹ́ gbé e sẹ́yìn máṣíìnì lọ sí Bur Dubai, kí àwọn méjèèjì lọ jókòó létí omi bí ọmọdé.

Ẹ̀gbọ́n ní àwọn máa kọ́kọ́ gbé máṣíìnì lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Al Qusais, kí wọ́n bá àwọn pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà. Inú bí mi.

"Ẹ̀gbọ́n, èmi wà ńlẹ̀, ẹ fẹ́ gbé e fún ẹlòmíì? Ìwọ̀sí nìyẹn. Ẹ ra ọ́ìlì àti fílítà wá, kí ẹ lọ kí Jímọ̀ yín. Kí ẹ tó dé, mo ti parí ẹ."

Báyìí ló ṣe di pé mo jókòó sẹ́yìn ilé lọ́sàn-án Jímọ̀ pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́. Èmi ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé ní tèmi, torí Jímọ̀ làwa náà ń lò bí ọjọ́ Ìsinmi níbẹ̀. Mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná díẹ̀, mo tú nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀, ọ́ìlì dúdú ṣàn sínú abọ́. Mo ṣí ọmọrí róbótó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, mo fa fílítà àtijọ́ jáde, mo ki tuntun bọ̀ ọ́. Rọ́bà tín-ín-rín kan máa ń yí etí ọmọrí yẹn ká, òun ni kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò. Fílítà tuntun sì mú rọ́bà tiẹ̀ wá nínú páálí.

Ibẹ̀ ni ọwọ́ Èkó ti bá mi. Ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi, ohun tuntun là ń fura sí. Ayédèrú ló kún ìgboro. Ọ̀gá máa ń sọ pé tòkunbọ̀ tó ti rìn jìnnà sàn ju tuntun tí a ò mọ bàbá ẹ̀. Rọ́bà tó bá máṣíìnì wá láti Japáànù, a kì í jù ú nù, ńṣe la máa ń fi bẹntiróò fọ̀ ọ́, a ó dá a padà. Ohun tí mo ṣe gan-an nìyẹn. Tuntun, mo jù ú sápò.

Ọ̀gá kan náà ló kọ́ wa pé bí a bá parí iṣẹ́, ká tẹ́ páálí mímọ́ sábẹ́ máṣíìnì, ká tan ẹ́ńjìnnì, ká sì dúró wò ó. Mo de nọ́ọ̀tì ìsàlẹ̀ padà, mo da ọ́ìlì tuntun sí i, mo tẹ́ páálí, mo tan ẹ́ńjìnnì. Kò pẹ́, ẹ̀kán ọ́ìlì kan bọ́ sórí ẹ̀. Mo fún gbogbo bóòtù le sí i. Òmíràn tún bọ́.

Kò sẹ́ni tó ní láti túmọ̀ ẹ̀ fún mi. Bí máṣíìnì bá sáré bọ́ sójú ọ̀nà Dubai, atẹ́gùn á gbá ọ́ìlì yẹn lọ sára táyà ẹ̀yìn. Táyà tó bá mu ọ́ìlì á yọ̀, àwọn tó wà lórí ẹ̀ á sì balẹ̀ láàárín tírélà.

Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n yọ pẹ̀lú ìyàwó wọn. Kí n má purọ́, ojú tì mí. Mo pa ẹ́ńjìnnì, mo nu ọmọrí, mo yí páálí dojú bolẹ̀.

"Khalas," mo ní. "Ó ti parí."

Ìyàwó kúnlẹ̀ díẹ̀. "Ọkọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ti ròyìn ọwọ́ yín fún mi."

Ọkọ mi. Èmi tí kì í ṣe ọmọ ìyá ẹ̀gbọ́n, tó jẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló pa wá pọ̀. Ó de akoto, ó ká síkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ sókè díẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan lé máṣíìnì.

"Ẹ sọ̀ kalẹ̀." Mo ṣí páálí náà sókè. "Ẹ̀gbọ́n, ó ń jò. Rọ́bà àtijọ́ ni mo dá padà. Àṣìṣe mi ni."

Ẹ̀gbọ́n wo páálí títí. "Tuntun ńkọ́?"

"Ó wà lápò mi."

"Ìwọ tó o ní ìwọ̀sí ni."

Mo tún un tú. Rọ́bà tí mo fi bẹntiróò fọ̀ ti wú bí ẹ̀wà tó sùn sínú omi mọ́jú. Inú bí mi sí i, inú bí mi sí ọ̀gá mi, inú sì bí mi sí ara mi jù. Mo fi tuntun sí i, mo da ọ́ìlì sí i, mo tẹ́ páálí míì. Ẹ́ńjìnnì ṣiṣẹ́ títí, a wá kúnlẹ̀, a jọ wò ó. Páálí mọ́ tónítóní.

"Ó ti dáa báyìí," mo ní, ohùn mi sì ti ń padà.

Ẹ̀gbọ́n gba akoto lórí ìyàwó wọn, wọ́n nà án sí mi. "Gùn ún. Ìwọ lo máa kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀. Yalla, ó yá."

A sáré dé Al Qusais, a sì padà. Ní àlọ, táyà ẹ̀yìn ni mò ń bẹ̀rẹ̀ wò. Ní àbọ̀, mo ti ń kọrin. Nígbà tá a délé, mo fọwọ́ ra ọmọrí yẹn yíká: ó gbẹ. Mo ṣì jókòó, mo fẹ́ ṣàlàyé fún wọn pé lóòótọ́ ni mo mọ iṣẹ́.

"Sọ̀ kalẹ̀," ẹ̀gbọ́n ní. "Ẹni tó ni ibẹ̀ ń dúró."

Mo bọ́ akoto, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún ìyàwó mi.