Ẹja Tí Mo Gbé Lọ Bẹ Ẹ̀gbọ́n

Ní Chicago, ní àwọn ọdún 1980, ẹnì kan ṣoṣo ló ń pè mí ní àbúrò. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, Yorùbá bíi tèmi. Wọ́n fi bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jù mí lọ. Ilé kan náà la jọ ń gbé ní àdúgbò West Ridge, àwọn lókè, èmi nísàlẹ̀. Bó bá ti di ọjọ́ Sunday, wọ́n á kan ilẹ̀kùn mi, wọ́n á ní kí n gòkè wá jẹun.

Èmi ni mo fọwọ́ ara mi ba nǹkan jẹ́. Lọ́jọ́ kan, èmi àtàwọn òyìnbó ibi iṣẹ́ mi dúró níbi tí a ti ń wọ ọkọ̀ ojú irin, ni ẹ̀gbọ́n bá yọ. Ojú tì mí láti dọ̀bálẹ̀ kí wọn lójú àwọn òyìnbó náà. Mo kiwọ́ bọ àpò, mo ní, "Hi!"

Ẹ̀gbọ́n wò mí títí. "Àbúrò, èmi lo ń sọ 'hi' fún? It's okay o."

Láti ọjọ́ náà, wọn ò kan ilẹ̀kùn mi mọ́. Kí n gòkè lọ bẹ̀ wọ́n, agídí ò jẹ́. Oṣù mẹ́ta gbáko, ohùn tẹlifíṣàn nìkan ni mò ń gbọ́ nínú ilé. Àdáwà yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ yà mí ní wèrè.

Ìgbà tó yá ni mo rántí bàbá mi. Bí wọ́n bá ṣẹ àgbà kan, ẹja tútù ni wọ́n máa ń pa lọ bẹ̀ ẹ́, lódindi, tòun ti orí àti ìrù rẹ̀, wọn kì í rà á lọ́jà. Mo wa mọ́tò fún wákàtí méjì lọ sídìí odò kékeré kan tó ń ṣàn. Èmi tí mo ń wú ekòló lẹ́yìn balùwẹ̀ nílé, mo wá ń ra ekòló nínú ike bí ẹni ń ra áísìkiriìmù.

Mo so òjé ńlá mọ́ okùn ìwọ̀, bí a ti ń ṣe nílé láti fi pa ẹja àrọ̀. Ekòló rì, ó jókòó sísàlẹ̀ odò. Títí dọ̀sán, ẹja kankan ò yà síbẹ̀. Òyìnbó arúgbó kan tó ń dẹ ìwọ̀ nítòsí rẹ́rìn-ín. "Take that lead off, son. Trout want it moving."

Mo tú òjé náà kúrò, ó fún mi ní ìwọ̀ kékeré. Ó ní kí n gún ekòló náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó má baà kú, kí n jù ú sápá òkè odò, kí omi máa gbé e bọ̀ bí ẹni pé kò so mọ́ ohunkóhun. Mo ń wò ó bó ṣe ń yí láàyè nínú omi tútù yẹn, àánú ara mi ṣe mí. Ibẹ̀ ni okùn ti fà pinpin. Ẹja trout tí arúgbó náà ń sọ ni, ó tó ìgbọ̀nwọ́, ara rẹ̀ ní àmì wínníwínní.

Mo sáré wálé, mo gòkè, mo kanlẹ̀kùn. Kí wọ́n tó ṣí i, mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ẹja wà nínú ọ̀rá níwájú mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Ẹsẹ̀ òyìnbó ni mo rí, kò wọ bàtà. "Man, are you okay?"

Ó ní òun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wọlé síbẹ̀, pé ìyá tó ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti kó lọ sí ìlú Naperville láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Bóyá ibi iṣẹ́ ni mo wà nígbà tí wọ́n ń kẹ́rù. Ó nawọ́ láti fà mí dìde. Mo ní kó má ṣèyọnu, nǹkan kan ò ṣe mí. Ṣùgbọ́n mi ò tíì dìde, torí ẹ̀bẹ̀ tí mo kó wá ṣì kún ẹnu mi.