Ibà Oṣù Keje

Ẹja wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń pè ní omena ni Akoth ń sá tà lẹ́bàá adágún, nítòsí ìlú Homa Bay. Ọdún kẹrin rèé tí kòkòrò éèdì ti wà lára rẹ̀, kò sì pa oògùn jẹ lọ́jọ́ kan rí. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Àfi ìgbà tí oyún rẹ̀ di oṣù méje, tí ibà dá a wólẹ̀, tí wọ́n gbé e dìgbàdìgbà lọ sílé ìwòsàn. Ara yá, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin ẹlẹ́ja sọ fún un pé ibà a máa ba ibi ọmọ jẹ́. Láti ọjọ́ náà ni ìbẹ̀rù pé ọmọ lè kó kòkòrò kò ti jẹ́ kó jẹun yó.

Nígbà tí ó máa bí, obìnrin ló bí. Ìwọ́ wé ọmọ náà lọ́rùn, nítorí náà Awino ni orúkọ tó gbé tọ̀run wá. Nọ́ọ̀sì Mileka tó gbẹ̀bí gbé ibi sínú abọ́, ó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Akoth na ọrùn.

"Sísítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ibà ti bà á jẹ́?"

"Ojú lásán kò lè mọ̀ ọ́n tán, àbúrò mi. Ṣùgbọ́n gbọ́: ẹ̀jẹ̀ rẹ àti tọmọ kì í dà pọ̀. Ibi yìí ni ògiri àárín yín. Ibà lè sán ògiri, òótọ́ ni, kòkòrò a sì ráyè kọjá bó bá pọ̀ lára ìyá. Tìẹ kò pọ̀. Àyẹ̀wò rẹ tó kẹ́yìn kò tilẹ̀ rí wọn. Tó bá di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, a ó yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò."

Rispa, ìyá ọkọ rẹ̀, gba ibi náà, ó lọ sin ín sí àgbàlá. Ó ní ọmọ ilé ni, kò sẹ́ni tó máa bá òun jù ú nù.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà kò tètè pé. Bí ọmọ bá sín, Akoth á dìde. Gbogbo ìgbà ló ń la ẹnu ọmọ wò bóyá egbò funfun tí kòkòrò máa ń fà wà níbẹ̀.

"Fi ọmọ yìí sílẹ̀!" ni Rispa wí. "Bóo bá tún la ẹnu rẹ̀, á gé ọ jẹ."

"Kò tíì léyín, Màmá."

"Á hù ú nítorí tìẹ."

Nígbà tó yá, wọ́n gún Awino ní gìgísẹ̀ nílé ìwòsàn, wọ́n kán ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sórí bébà, wọ́n fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, Nọ́ọ̀sì Mileka pe Akoth àti Rispa wọlé.

"Kò ní in."

"Ẹ tún un sọ, Sísítà."

"Awino kò ní kòkòrò kankan."

Rispa jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún. Nígbà tó nu imú tán, ó ní, "Ṣé mi ò sọ fún ọ?"

"Ìgbà wo lẹ sọ ọ́, Màmá? Ṣebí ẹ̀yin náà ń gbààwẹ̀ ní kọ̀rọ̀!"

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí. "Ẹ má tíì jó o. Kòkòrò ṣì lè gba inú ọmú dé ara ọmọ. Oògùn tìẹ, oògùn tọmọ, ìkankan kò gbọdọ̀ dúró, ẹ ó sì máa gbé e wá títí a ó fi já a lẹ́nu ọmú."

"A ó máa wá," ni Akoth dáhùn.

Akoth, Rispa àti ọmọ há sórí alùpùpù kan lọ sílé. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Akoth jẹ kuon, òkèlè àgbàdo wọn, àti ẹja tán, ó nu àwo mọ́, ó sì ní kí wọ́n bu òmíràn wá.