Ọjọ́ Tí Kò Sí Lórí Ìwé Oògùn

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ni mí, ní Òṣogbo, ṣùgbọ́n Iléṣà ni mo ti kọ́ iṣẹ́ yàrá oògùn, ní ilé ìwòsàn kan, ọdún mélòó kan lẹ́yìn òmìnira. Àwa obìnrin mẹ́rin la wà lábẹ́ ọ̀gá apoògùn kan, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kóòtù funfun rẹ̀ máa ń gan bíi pákó. Bí aláìsàn bá pè é ní dókítà, kò jẹ́ sọ pé òun kọ́. Ńṣe ni ọrùn rẹ̀ yóò gùn sí i.

Láràárọ̀ ọjọ́ Ajé, yóò tò wá bí ọmọ iléèwé kí a máa ka òfin sí i létí.

"Kí ló gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé oògùn?"

A ó dáhùn pé: orúkọ aláìsàn, ibi tó ń gbé, orúkọ oògùn, iye tí yóò lò àti ìgbà tí yóò lò ó, ọjọ́ tí wọ́n kọ ọ́, kí dókítà sì buwọ́ lù ú.

"Bí ọ̀kan bá dín ńkọ́?"

"A ò gbọdọ̀ fún un, sà!"

Ní ti àwọn oògùn olóró tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù alágádágodo, ó ní bí bàbá òun bá jí dìde láti inú sàréè wá tọrọ wọn láìmú ìwé wá, òun yóò ní kó padà lọ sùn. A rẹ́rìn-ín, nítorí pé ẹ̀rín ló ń retí. Èmi gbà á gbọ́. Òmùgọ̀ ni mí nígbà náà.

Lọ́jọ́ kan tí òjò fi gbogbo òwúrọ̀ rọ̀, obìnrin àgbàlagbà kan wọlé láti Ìwàrà, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀. Wárápá ń gbé ọmọbìnrin tó bí gbẹ̀yìn. Hóró funfun kékeré tí ọmọ náà ń lò ti tán láti ìjẹta, wárápá sì ti gbé e lẹ́ẹ̀mejì. Dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ òmíràn fún un ni.

"Ùwé náà rè é, dókítà," ó wí, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí ọ̀gá.

"Ùwé!" Ọ̀gá sín in jẹ, ó ń wo ojú wa bóyá a ó rẹ́rìn-ín. Ó yí ìwé náà síwá sẹ́yìn. "Ọjọ́ dà? Kò sí ọjọ́ níbí. Padà lọ bá ẹni tó kọ ọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, ìsinsìnyí náà ló kọ ọ́."

"Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní òfin ni?"

Ẹni tó dàgbà jù ú lọ ló ń bá sọ bẹ́ẹ̀ o. Obìnrin náà lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, kò mọ ibi tí yóò gbà.

Kò pẹ́ ni oníṣòwò kòkó kan, èèyàn ńlá láàárín ìlú, gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé.

"Apoògùn, mi ò rí oorun sùn mọ́ o."

"Ẹ káàárọ̀, sà! Ẹ jókòó, sà!"

Ọ̀gá yọ kọ́kọ́rọ́, ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì da hóró funfun kan náà sínú ìgò fún un. Kò béèrè ìwé. Kò kọ orúkọ sínú ìwé ńlá tí a ń kọ oògùn olóró sí. Ó tún sìn ín dé ìdí mọ́tò, ó ń fọwọ́ pa kóòtù lára.

Obìnrin náà kọjú sí mi. "Ọmọ mi, ṣé irú ti ọmọ mi kọ́ nìyẹn?"

Mo ní òun ni. Ojú tì mí débi pé mo gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, mo sáré tọ dókítà lọ. Dókítà kò gbójú sókè; ó kọ ọjọ́ sí i, ọjọ́ àná ló sì kọ. Ọ̀gá rí i pé ọjọ́ wà níbẹ̀, kò wo ọjọ́ wo ni. Ó mi orí, ó fún un lóògùn. Òfin ti pé.

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn náà, a gbọ́ pé ọ̀gá ayẹ̀wò oògùn ń bọ̀ láti Ìbàdàn. Ohun tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù kò bá èyí tó wà nínú ìwé mu mọ́. Ọ̀gá wa pè mí.

"Ọmọ Òṣogbo, ìwọ lo mọ̀wé é kọ. Kọ orúkọ obìnrin Ìwàrà yẹn síbí, lẹ́ẹ̀mẹ́ta."

"Ẹ̀ẹ̀kan ló gbà á, sà."

"Ta ló bi ọ́?"

"Ẹ kọ ọ́ fúnra yín, sà." Mo ti ìwé ńlá náà padà sí i.

Ó kọ ọ́ lóòótọ́. Nígbà tí ọ̀gá ayẹ̀wò náà dé, ó béèrè ìdí tí obìnrin kan fi gba oògùn tó báyẹn.

"Aláìmọ̀wé ni wọ́n, sà," ọ̀gá wa wí. "Bí ẹ̀pà ni wọ́n ń jẹ ẹ́."

N kò mọ ìgbà tí mo lanu. "Irọ́ ni, sà. Ìwé tí dókítà kọ fún un wà nínú fáìlì, ẹyọ kan ṣoṣo ni."

Ọ̀gá ayẹ̀wò ṣí fáìlì, ó rí ẹyọ kan. Ó mú ọ̀gá wa wọ yàrá inú, wọ́n tilẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n jáde, àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n fi mí sídìí ìgò fífọ̀ fún oṣù mẹ́ta, wọ́n ní mo rí àgbà fín. Wọ́n sì gbé ọ̀gá wa kúrò ní Iléṣà. Inú mi dùn, àfi ìgbà tí mo gbọ́ pé ilé ìwòsàn tó tóbi ju tiwa lọ ni wọ́n gbé e lọ, ní Òṣogbo.

Nígbà tí mo lọ sílé fún ọdún Iléyá, ìyá mi ní apoògùn tuntun kan ti dé o, alihamdulilahi, ọlọ́yàyà èèyàn, tí kì í béèrè ìwé lọ́wọ́ ẹni tó bá mọ̀. Mo ní kí wọ́n má gba ohunkóhun lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ní Iléṣà ti kọ́ mi ní ìgbéraga.