Ọmọ Tí Kò Lè Dáhùn Nínú Oko Ìjàgbà

Òórùn kòkó tí wọ́n sá sẹ́bàá títì ṣì máa ń já mi láyà. Òórùn yẹn ló wà nímú mi lọ́sàn-án ọjọ́ tí ọmọbìnrin wa sọnù nínú oko ìyá ìyàwó mi ní Ìjàgbà. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni, kò sì tíì sọ̀rọ̀ rí. "Ọtísíìmù ni, ọpọlọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tó yàtọ̀ sí ti ọmọ mìíràn," ni dókítà sọ fún wa l'Ọ̀wọ̀. Èmi oníròyìn, tí mo mọ bí a ṣe ń gbọ́ tẹnu ẹni tí kò fẹ́ sọ̀rọ̀, mo gbà pé bí mo bá bi í dáadáa, yóò dáhùn lọ́jọ́ kan.

A ń fọ́ kòkó lọ́wọ́ ni. Ìgbà tí a gbójú sókè, kò sí níbẹ̀ mọ́.

Àwọn ajínigbé ti mú àgbẹ̀ rí nínú igbó yẹn, nítorí náà ọdẹ ló ń ṣọ́ oko. Bí ewé bá mì, wọn á kígbe pé, "Ta nìyẹn?" Ẹni rere á dáhùn. Ẹni tí kò bá dáhùn, ìbọn ni. Àwọn àgbà ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ń yí lórí mi. Mo bẹ̀rù ìbọn ju ejò lọ, ju ajínigbé lọ.

Àwọn ará oko tú jáde, wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀, wọ́n ń lu garawa. Lójijì, ìbọn dún lápá odò. Èmi àti ìyàwó mi sáré kọrí síbẹ̀.

"Òkè ni mo yìn ín sí," ni olórí ọdẹ wí nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wa. "Kí ọmọ lè mọ̀ pé a wà níbí."

Ìyàwó mi dì í lápá mú. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ariwo ló ń lé e lọ! Bí ẹ pè é títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní dáhùn."

"Ìyá ọmọ, ṣé ká wá jókòó ká máa wojú ara wa ni?"

"Ká dákẹ́ ni. Bí ara rẹ̀ bá balẹ̀, ó máa ń kùn bí oyin."

Ẹnìkan bú sẹ́rìn-ín: "Wọ́n fẹ́ fi dídákẹ́ wá ọmọ!"

Olórí ọdẹ kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ìyàwó mi títí. "Ẹ yọ ọta," ó wí. "Kí gbogbo ẹnu pa."

N kò mọ ìbẹ̀rù tó tó ti ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Bí ọdẹ kan bá wà lọ́nà jíjìn tí àṣẹ náà kò dé etí rẹ̀ ńkọ́? Ìyàwó mi na ìka. Nígbà náà ni èmi náà gbọ́ ọ: ohùn kékeré kan, lábẹ́ kòkó, létí odò. A tẹ̀lé ohùn náà. Ọmọ wa jókòó, ó ń to èso kòkó, pupa sọ́tọ̀, àwọ̀ ewé sọ́tọ̀. Kò wò wá. Ìyàwó mi jókòó tì í, ó ń bá a kùn.

Bí a ti ń padà, olórí ọdẹ rìn sún mọ́ wa. "Irú ọmọ báyìí kan wà nílé mi," ó wí. "Ó ti ga jù mí lọ. A máa ń tìlẹ̀kùn mọ́ ọn bí àlejò bá dé."

Èmi tí mo ń fi ìbéèrè jẹun, n kò rí ohun tí mo lè bi í. Ìyàwó mi ló bi í: "Kí ló máa ń mú inú rẹ̀ dùn, Bàbá?"

Ọkùnrin náà dúró. "Ẹnikẹ́ni ò bi mí bẹ́ẹ̀ rí."

Lónìí, àwa òbí irú àwọn ọmọ wọ̀nyí máa ń pàdé nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan l'Ọ̀wọ̀. Àwọn kan ń ti Ùsò wá, àwọn kan láti Ìfọ̀n. Ọmọ kan ń sáré, òmíràn ń pàtẹ́wọ́, a sì ń bá wọn yọ̀. Olórí ọdẹ máa ń gbé tirẹ̀ wá lórí ọ̀kadà. Ní Ìjàgbà, wọn kì í yìnbọn mọ́ sí ẹni tí kò dáhùn. Wọ́n á kọ́kọ́ lọ wò ó. Ṣùgbọ́n Ìjàgbà nìkan kọ́ ni oko tí ọdẹ ń ṣọ́. Bí ọmọ mi bá jáde, mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà títí yóò fi dé. Ìyàwó mi á ní kí n wọlé. N kì í lè wọlé.