Ọjọ́ Tí Ọ̀kọ̀ Fò Jáde

Ọ̀kọ̀ ìhunṣọ ya gèlè mọ́ ìyá mi lórí níṣojú mi. Díẹ̀ ló kù kó bà á lójú. Òórùn sítáàṣì tí alágbàfọ̀ ẹ̀yìnkùlé wa ń sè láàárọ̀ yìí ló gbé ọjọ́ náà padà wá bá mi.

Ilé iṣẹ́ ìhunṣọ kékeré kan wà l'Éjìgbò ní àwọn ọdún 1980. Ibẹ̀ ni ìyá mi ti ń hunṣọ, ibẹ̀ ni mo sì ti máa ń dúró dè é bí a bá jáde iléèwé. Ọ̀kọ̀, igi olórí irin tó gbé òwú sínú, a máa sáré lọ sáré bọ̀ láàárín òwú tí wọ́n ta sórí ẹ̀rọ. Bí òwú bá já, tó lọ́ mọ́ra, ọ̀kọ̀ lè fò jáde bí òkò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ri òwú bọ sítáàṣì ẹ̀gẹ́ gbígbóná kó lè le. Nígbà ọyẹ́, wọn a tún da omi sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kí òwú má baà gbẹ jù.

Táńtì Rábì ló ń se sítáàṣì náà. Àṣẹ̀kẹ́, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ kíkan, ló ń tà kó tó ti Abíjàn dé. Ará oko ló máa ń pe ẹni tí kò bá jẹ ẹ́ rí. Nínú ọyẹ́ ọdún kan, wọ́n kó ẹ̀gẹ́ wá láti abúlé Ọlà nítòsí. Táńtì jẹ́ kó kan dáadáa, bó ṣe ń ṣe l'Ábíjàn, kó tó fi ṣe sítáàṣì. Kíkan náà jẹ́ kó ṣàn bí omi, kò sì lẹ̀ mọ́ òwú.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n lò ó, òwú bẹ̀rẹ̀ sí í já. Ìyá mi so ó, ó tún já. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni ọ̀kọ̀ fò, ó ya gèlè, ó lọ ba ògiri. Wọ́n pa gbogbo ẹ̀rọ. Ìyá mi gbé òwú náà sí imú, òórùn kíkan ló gbọ́.

"Táńtì, ṣé òwú lẹ fẹ́ fi ṣe àṣẹ̀kẹ́ ni?"

Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Táńtì jókòó sórí ilẹ̀ tútù. "Mo rò pé bó bá kan ni yóò lẹ̀," ló ń sọ ṣáá.

Ilé náà ti dahoro báyìí, àwọn obìnrin ìgbà náà sì ti fọ́n ká. Ṣùgbọ́n títí dòní, bí ilẹ̀kùn bá ṣàdédé gbá, ìyá mi a fọwọ́ bo ojú.

Àwọn aláṣẹ ti ní àwọn yóò ṣí ibẹ̀ padà, inú ọyẹ́ tó ń bọ̀ ni ẹ̀rọ yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Múnírà, ọmọ mi, ti lọ forúkọ sílẹ̀ láti hunṣọ níbẹ̀. Ó sáré wá sọ fún ìyá mi. Ìyá mi fọwọ́ kan gèlè orí rẹ̀.

"Ta ni yóò máa se sítáàṣì yín?"

Múnírà lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ náà. Wọ́n ní àwọn kò tíì mọ̀.